Kọ̀ǹpútà tí Àǹtí mi fẹ́ tà fún oní-kọ́ńdẹ́ẹ̀mù: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ láti Agbowó

Àbámẹ́ta, àárọ̀

"Wá gbé e kúrò níwájú mi. Bí o bá rí oní-kọ́ńdẹ́ẹ̀mù lọ́nà, tà á fún un." Mi ò tíì dìde nílẹ̀ tí mo dọ̀bálẹ̀ sí tí Àǹtí mi fi sọ bẹ́ẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń bá wí. Àbúrò ìyá mi ni, ó sì ti ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ l'Ágbowó, ní òdìkejì títì sí Yunifásítì Ìbàdàn, láti ìgbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹni tó bá ti gbé Agbowó rí mọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀: ẹ̀rọ fọtokópì kan, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì, àga oníke mẹ́ta, àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tí wọ́n dúró lórí ẹni tó ń tẹ̀wé, tí kálukú ń pariwo pé olùkọ́ òun ń dúró de òun.

Mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó. Ó ní, "Kí lo fẹ́ wò? Ẹni mẹ́ta ló ti wò ó." Ẹni tó kẹ́yìn nínú wọn gba owó, ó ní mọ́dàbọ́ọ̀dù, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú ẹ̀rọ so mọ́, ti lọ. Báwa tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń dárúkọ mọ́dàbọ́ọ̀dù nìyẹn, bí ìgbà tí kẹ́mísìtì bá ní ibà ni. Ohun tó bá ti rújú, ẹ dì í lé e lórí.

Mo tan ẹ̀rọ náà. Mo lọ ra ẹ̀wà àti búrẹ́dì lẹ́bàá títì, mo padà dé, mo jẹ ẹ́ tán, àmì Windows 7 ṣì ń tàn yòò lójú rẹ̀. Nígbà tó jàjà ṣí, aago rẹ̀ sọ pé oṣù kìíní ọdún 2009 la wà. Íntánẹ́ẹ̀tì ò gbà á wọlé síbì kankan. Mo ti fúláàṣì mi bọ̀ ọ́, gbogbo fódà inú fúláàṣì náà sì di ṣọ́tíkọ́ọ̀tì, àmì lásán tó kàn ń tọ́ka síbòmíràn, lójú ẹsẹ̀.

Mọ́dàbọ́ọ̀dù tó ti lọ ò lè ṣe gbogbo ìyẹn. Mo gbé e lọ sílé.

Ohun tó wà níkùn rẹ̀: CPU, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, Intel Core 2 Duo E7500, 2.93 GHz, irú tó jáde ní 2009. RAM, àyè tí iṣẹ́ tó ń lọ lọ́wọ́ ń lò, DDR3 2GB, ẹyọ kan ṣoṣo nínú ihò mẹ́rin. Hádì dísíìkì 160GB, ibi tí fáìlì ń gbé, tó ń dún bí ẹni tó ń họ ìdí ìkòkò. Windows 7 tí ẹnì kan fi sí i láì ní láísẹ́ńsì.

Àbámẹ́ta, ọ̀sán

Ìpinnu àkọ́kọ́ ni irú ètò tí yóò máa darí ẹ̀rọ náà. Microsoft ti jáwọ́ nínú títún Windows 7 ṣe láti 14 oṣù kìíní 2020. Windows 10 náà, wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀ ní 14 oṣù kẹwàá 2025. Windows 11 ní tirẹ̀ ń bèèrè RAM 4GB, àyè 64GB, ṣíìpù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0 tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí, àti CPU tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Microsoft. RAM àti àyè ṣeé rà. CPU ọdún 2009 ò sí nínú ìwé yẹn, kò sì ní sí níbẹ̀ láéláé. Àwọn kan ń dọ́gbọ́n fo òfin náà kọjá. Èmi ò ní fò ó lórí ẹ̀rọ tí owó oúnjẹ ènìyàn ń gbà jáde.

Linux ló kù. Mo pe Àǹtí lórí fóònù láti sọ fún un.

"Kí ni Línọ́ọ̀sì?"

Mo ní, "Àǹtí, ẹ mọ gáréèjì Ìwó Road?"

"Ta ni ò mọ̀ ọ́n?"

"Mọ́tò pọ̀ níbẹ̀, èrò pọ̀, àyè ò tó. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í wa mọ́tò, tí wọn ò sì rìnrìn àjò lọ síbì kankan, ṣùgbọ́n mọ́tò kan ò gbọdọ̀ kó èrò àfi tí wọ́n bá ní kó kó o. Àwọn ló mọ mọ́tò tó kàn. Àwọn ló ń sọ ibi tí ti Ìfẹ̀ máa dúró sí kó má baà dí ti Èkó lọ́nà. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣe wọ́n, mọ́tò ò bàjẹ́, títì ò bàjẹ́, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa kúrò lójú kan. Ohun tí ẹ fi ń tẹ̀wé àti èyí tí ẹ fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì ni mọ́tò. Àyè gáréèjì ni RAM. Títì ni CPU. Àwọn tí mò ń wí yìí ni wọ́n ń pè ní OS. Windows jẹ́ ọ̀kan, Linux jẹ́ òmíràn."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Agbèrò lo fẹ́ gbé sínú kọ̀ǹpútà mi."

"Agbèrò tí kì í gbowó, mà."

Ìyẹn ló mú un gbà. Mi ò sọ ìyókù fún un, ṣùgbọ́n mo lè sọ ọ́ níbí. Ní 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Helsinki ní Finland, Linus Torvalds, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kernel tirẹ̀ fún kọ̀ǹpútà tó wà nínú yàrá rẹ̀. Kernel ni agbèrò gan-an, òun ló ń pín RAM, òun ló ń pín CPU, òun ló ń bá kíbọ́ọ̀dù àti hádì dísíìkì sọ̀rọ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1983, Richard Stallman ti kéde GNU ní Amẹ́ríkà, ó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lo ètò kọ̀ǹpútà, kó tú u wò, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn. Irinṣẹ́ GNU pọ̀ nílẹ̀, kernel ló kù. Nígbà tí méjèèjì pàdé, OS odindi ló jáde.

Láti ìgbà yẹn ni oríṣiríṣi ènìyàn ti ń di ẹrù náà bó ṣe wù wọ́n. Debian bẹ̀rẹ̀ ní 1993. Ní 2004 ni Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbé Ubuntu jáde láti ara Debian, ó sì fi ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn Gúúsù Áfíríkà sọ ọ́ lórúkọ. Àwa tó dàgbà díẹ̀ rántí pé tí o bá kọ̀wé sí wọn, wọ́n á fi CD ránṣẹ́ sí ọ lọ́fẹ̀ẹ́, owó ọkọ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́. Tèmi dé nínú àpò ìwé funfun, mo sì rò pé àwọn ọlọ́pàá ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, torí mi ò tíì rí òyìnbó tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ síni láì béèrè nǹkan kan. Wọ́n dáwọ́ ìyẹn dúró ní 2011.

Linux Mint ni mo mú fún Àǹtí. Clement Lefebvre bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006, orí Ubuntu ló sì kọ́ ọ lé. Ìdí tí mo fi mú un kò ju ẹyọ kan lọ: bọ́tìnnì Menu rẹ̀ wà ní igun apá òsì nísàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ Àǹtí ti ń lọ láti ọjọ́ yìí wá. Ojú mẹ́ta ni Mint ní, Cinnamon, MATE àti Xfce. Xfce ló fúyẹ́ jù, òun ni mo gbà. Àwọn tó ṣe é ní 2GB RAM ni kò gbọdọ̀ dín, 4GB ni ara á ti tuni.

Òru

Mint 22 Xfce fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3GB. Mo ra dátà òru, mo gbé e kalẹ̀, mo sùn. Nígbà tí mo jí, ó ní ó ti parí. Mo fi sha256sum, ètò tó ń ṣírò nọ́ńbà ìdánimọ̀ fáìlì, yẹ̀ ẹ́ wò, nọ́ńbà tó jáde kò jọ èyí tí àwọn oní-Mint kọ sójú ìkànnì wọn rárá. Fáìlì ti já níbì kan láàárín òru, kò sì sọ fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fo ìyẹ̀wò yìí. Ẹni tó bá fò ó á wà lórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì, á máa bú Linux fún ohun tí dátà ṣe.

Mo tún un gbé. Òru kejì lọ síbẹ̀.

Àìkú

Bí mo ṣe yọ ìbòrí ẹ̀rọ náà ni mo sún sẹ́yìn. Eruku Agbowó ti di ìrọ̀rí sórí fáànù CPU, pupa rúsúrúsú, mo fi ọwọ́ ká a bí ẹni ká òwú. Nínú ìdí páwà sọ́púláì ni ẹyin ọmọọ́lé méjì wà, funfun, wọ́n lẹ̀ mọ́ irin. Mo fi páálí kó wọn lọ sẹ́yìn ilé.

Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé gbígbẹ gbá gbogbo rẹ̀. Mo yọ fáànù. Ọ̀dà tí wọ́n fi sáàárín CPU àti irin tó ń gba ooru lórí rẹ̀ ti gbẹ, ó ti ń ṣí bí èépá. Ọ̀dà yẹn ló ń jẹ́ kí ooru kọjá láti ara CPU sí irin. Tó bá gbẹ, afẹ́fẹ́ á wọ àárín wọn, CPU á sì máa dín eré kù fúnra rẹ̀ kó má baà jóná. Mo fi ọtí sípíríìtì nù ún kúrò, mo fi tuntun tó tó hóró ìrẹsì kan sí i. Mo yọ RAM, mo fi ìrésà akẹ́kọ̀ọ́ pa ìdí rẹ̀ tó ní àwọ̀ góòlù títí tó fi dán.

Bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 ló kàn, kò tóbi ju kọ́ìnì lọ. Òun ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà rántí aago nígbà tí kò sí iná. Tó bá kú, ẹ̀rọ á gbàgbé ọjọ́, á padà sí ọdún tí wọ́n bí i. Ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì sì ní ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́ tí wọ́n fún un àti ọjọ́ tó máa kú. Bí aago yín bá sọ pé 2009 la wà, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n kọ lọ́dún yìí kò tíì bẹ̀rẹ̀ lójú rẹ̀, ayédèrú ni. Ìdí nìyí tí íntánẹ́ẹ̀tì ò fi gbà á wọlé. Àwọn mẹ́ta tó wò ó ṣáájú mi gba owó lọ́wọ́ Àǹtí, bátìrì tó wà nínú aago ògiri ì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́n jù ú lọ.

Ajé

Mo wọ Micra láti Agbowó, a gba Sángò, a gba Mọ́kọ́lá, mo bọ́ sílẹ̀ ní Queen Cinema. RAM 2GB méjì ni mo wá, DDR3 ti desktop. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á kó DDR2 fún mi, ó ní ọ̀kan náà ni. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ wo àbọ́ kékeré tó wà nídìí RAM, ibi tó wà lára DDR2 yàtọ̀ sí ti DDR3, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kó má baà wọ ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó bá fi agbára tì í bọ ihò ló máa ba mọ́dàbọ́ọ̀dù jẹ́ lóòótọ́. Ó pe owó, mo dá ìdajì, a pàdé láàárín. Mo tún ra SSD 240GB tí màá fi rọ́pò hádì dísíìkì, tí wọn ò tíì já páálí rẹ̀, àti bátìrì CR2032.

SSD kò ní ohun tó ń yí nínú. Hádì dísíìkì ní àwo tó ń yí àti apá tó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ wà lórí àwo náà, bí abẹ́rẹ́ lórí àwo orin àtijọ́. Bí ẹ bá máa ná owó sórí kọ̀ǹpútà àgbà, SSD ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó ronú RAM. Ihò SATA, ibi tí wọ́n ń ti okùn SSD bọ̀, jẹ́ ti àtijọ́ lára ẹ̀rọ yìí, 3 gigabit ní ìṣẹ́jú àáyá, kò lè lo gbogbo eré SSD. Kò burú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ṣì ju ìyàtọ̀ ẹsẹ̀ àti ọ̀kadà lọ.

Ibi tí wọ́n ń de hádì dísíìkì mọ́ tóbi ju SSD lọ. Mi ò ra irin tí wọ́n fi ń dè é, okùn ike méjì ni mo fi so ó mọ́ igun kan. Kò ní ohun tó ń yí, kò ní mì.

Ìṣẹ́gun

Mo gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù torí pé ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà. Mo fi Rufus, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè ṣí látorí fúláàṣì, kọ Mint sórí fúláàṣì, mo tẹ F12 kó lè bi mí ibi tó máa ti ṣí, mo yan fúláàṣì. Mint á ṣí látorí fúláàṣì náà láì fọwọ́ kan hádì dísíìkì rárá. Apá tí mo fẹ́ràn jù nìyí: ẹ lè wò ó bóyá kíbọ́ọ̀dù, ohùn, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó gbà. Bí ìgbà tí ẹ bá ń tọ́ ọbẹ̀ wò lójú ẹni tó sè é.

Mo ti okùn hádì dísíìkì àtijọ́ bọ ihò kejì, mo ṣí Disks, mo ní kó ka SMART, ìròyìn ìlera tí dísíìkì ń kọ nípa ara rẹ̀, fún mi. Ó ní ó ti ń kú, ọ̀pọ̀ ojú ibẹ̀ ni kò ṣeé kà mọ́. Ìyẹn ló ń dún. Mo kó iṣẹ́ Àǹtí jáde láti inú rẹ̀, torí Linux ń ka NTFS, ọ̀nà tí Windows ń gbà to fáìlì, láì bèèrè nǹkan kan. Gbogbo rẹ̀ jáde àfi fódà kan tí wọ́n kọ PROJECT 2018 sí lára. Àǹtí ní kí n fi í sílẹ̀, pé àwọn tó ni ín ti bímọ.

Mo tẹ Install. Ó ń kó fáìlì lọ, ó ti kọjá ìdajì, iná lọ.

UPS tó wà lábẹ́ tábìlì, tó yẹ kó gbé ẹ̀rọ ró bí iná bá lọ, fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Bátìrì rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ ní òun ò rí ohun tí òun máa fi ṣí. Àǹtí ò sọ̀rọ̀, ó kàn wo ẹnu ọ̀nà bíi pé oní-kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ń kọjá. Mo bẹ onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo fa wáyà láti ara ínfátà rẹ̀, mo tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látòkè. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tó fi parí.

Mo pa á, mo tún un tan. Àǹtí ti dìde láti lọ ra omi. Mo ní kó padà, ó ti ṣí.

Ọjọ́rú

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan sáré wọlé, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Orí kẹta iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wà nínú fúláàṣì, ó ti ṣí i ní ṣọ́ọ̀bù méjì, ṣọ́tíkọ́ọ̀tì nìkan ló ń rí. Àǹtí wò mí. Mo gba fúláàṣì náà, mo tì í bọ̀ ọ́.

Gbogbo fódà rẹ̀ wà níbẹ̀.

Kì í ṣe idán. Àrùn yẹn kì í sábà pa fáìlì. Ńṣe ló ń fi àmì "hidden" sára fódà yín kí Windows má fi í hàn, á wá fi ṣọ́tíkọ́ọ̀tì tó jọ ọ́ rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ ṣọ́tíkọ́ọ̀tì náà, àrùn ló máa kọ́kọ́ ṣí, ó sì ti wọ kọ̀ǹpútà yín nìyẹn, ó ń dúró de fúláàṣì tó kàn. Linux kì í ka àmì yẹn sí nínú fúláàṣì. Tirẹ̀ ni pé ohun tí orúkọ rẹ̀ bá fi àmì ìdánudúró bẹ̀rẹ̀ ló fara sin. Nítorí náà ó to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níhòòhò, fódà gidi, ṣọ́tíkọ́ọ̀tì irọ́, àti fáìlì kékeré tó parí sí .vbs, èyí tí í ṣe àrùn fúnra rẹ̀. Ètò Windows ni .vbs, kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe nínú ilé yìí. Mo pa á rẹ́ bí ìgbà tí a bá fi ìgbálẹ̀ gbá eèrà.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ti kó fúláàṣì dé. Àǹtí ti dá owó lé e.

Mi ò sọ pé Linux kì í ní àrùn o. Ó ní. Àwọn tó ń kọ àrùn fún fúláàṣì Agbowó ni kò rántí rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àkọ́kọ́, bí mo ṣe ti wáyà rẹ̀ bọ̀ ọ́ ni orúkọ rẹ̀ jáde. CUPS ló ń ṣe ìyẹn, ètò ìtẹ̀wé tí Linux àti kọ̀ǹpútà Apple jọ ń lò. Èkejì kọ̀ jálẹ̀. Wákàtí méjì ni mo fi wá dráífà, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá a sọ̀rọ̀, lórí ìkànnì àwọn tó ṣe é. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí rẹ̀, inú ṣì ń bí mi.

Ọjọ́bọ̀

Mo rò pé mo ti parí, kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló ṣòro jù láti tún ṣe.

"Níbo ni C wà, tí mo máa ń kó iṣẹ́ sí?"

"Kò sí C níbí, mà. Igi kan ni gbogbo rẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ni àmì / yìí. Ilé tiyín ni Home. Fúláàṣì á yọjú sí apá òsì."

"Kí ló dé tó ń bi mí ní password? Ṣé kì í ṣe èmi ni mo ni ín ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ín. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iṣẹ́ náà ń lò ó. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi nǹkan tuntun sí i tàbí yọ nǹkan kúrò, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín." Inú rẹ̀ dùn sí ìyẹn ju bí mo ṣe rò lọ. Ó lé mi síta kó tó tẹ tuntun.

Ctrl+C, Ctrl+V, Ctrl+P, gbogbo wọn ò yí padà. Ìyẹn gbà wá. Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni LibreOffice. Ó ń ṣí iṣẹ́ tí wọ́n fi Word ṣe, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ojú ìwé 62 òun ti di 64. Fọ́ńtì, irú ojú tí lẹ́tà ní, ló fà á. Ẹ̀rọ ò ní Times New Roman, ó fi Liberation Serif rọ́pò rẹ̀. Liberation ní ìwọ̀n lẹ́tà kan náà, ìyẹn ò yẹ kó da nǹkan rú. Ṣùgbọ́n àkọlé iṣẹ́ ọmọ náà wà ní fọ́ńtì mìíràn tí kò ní arọ́pò, ìyẹn ló ti gbogbo rẹ̀ lọ síwájú. Mo fi fọ́ńtì Microsoft sí i láti inú Software Manager, mo sì kọ́ Àǹtí pé kó máa gba iṣẹ́ tó ti parí ní PDF, kó má fọwọ́ kàn án rárá.

Iṣẹ́ tó ń wá pẹ̀lú CorelDRAW, ètò tí wọ́n fi ń ya káàdì, ìyẹn ò ṣeé ṣe dáadáa. Inkscape tí mo fi dípò rẹ̀ ń ṣí òmíràn, òmíràn á dé bí ẹni tí ìjì gbá. Mo sọ fún un pé kó máa darí àwọn oníkáàdì ìgbéyàwó sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ó ní kò sí nǹkan, pé ọ̀rẹ́ òun ni obìnrin náà, òun á máa gba ìdá tòun.

Kí n tó lọ, mo ṣí Timeshift, mo ní kó máa ya àwòrán ipò ẹ̀rọ náà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ẹnì kan bá bà á jẹ́, a lè dá a padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tó ya àwòrán náà. RAM tó ń lò kí ẹnikẹ́ni tó ṣí nǹkan kan jẹ́ bíi 900MB nínú 6GB.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Ẹtì

Ó pè mí ní aago méje àárọ̀. Ẹ̀rù bà mí. Ó ní kì í ṣe pé ó bàjẹ́, ẹnì kan gbé ìwé ètò ìsìnkú bàbá rẹ̀ wá, oríkì wà nínú rẹ̀, ó sì fẹ́ kí gbogbo àmì orí àti àmì ìsàlẹ̀ pé. "Tẹ́lẹ̀, màá kàn fa ilà sábẹ́ e kó di ẹ. Alàgbà náà ní òun ò gba ilà."

Mo lọ. Alàgbà náà jókòó sórí àga oníke, ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín orúnkún, ó ti fi gègé pupa sàmì sí gbogbo ibi tí ẹlòmíràn ti tẹ̀ ẹ́ nù.

Mo ṣí ibi ètò Keyboard, mo sọ Alt ọwọ́ ọ̀tún di Compose, bọ́tìnnì tó ń so àmì mọ́ lẹ́tà. Láti ìgbà yẹn, Compose, lẹ́yìn náà !, lẹ́yìn náà o, á di ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ àti ṣ. Compose, ', e, á di é. Ohun tó kù ni èyí tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀. Nínú Unicode, àtẹ tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, 1EB9. Lẹ́tà ọ jẹ́ 1ECD. Lẹ́tà ṣ jẹ́ 1E63. Ṣùgbọ́n ẹ́ ò ní nọ́ńbà kankan, wọn ò fún un, ẹ̀yin lẹ máa fi àmì ohùn lé ẹ lórí fúnra yín. Nínú LibreOffice, ẹ tẹ ẹ, ẹ tẹ 0301 tẹ̀lé e, kí ẹ wá tẹ Alt+X, nọ́ńbà náà á fò sókè á di àmì ohùn òkè. 0300 ni ti ohùn ìsàlẹ̀. Fọ́ńtì mìíràn á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà bí fìlà tó ṣí lórí ọ̀mùtí. Mo lo Noto Serif, ó jókòó dáadáa.

Àǹtí fi ìka méjì tẹ ìlà àkọ́kọ́ oríkì náà. Ó pẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó fà á fún alàgbà. Bàbá yẹn gbé ìwé sún mọ́ ojú, ó kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ètè rẹ̀ ń mì, ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó padà sókè. Ó yọ gègé pupa rẹ̀, ó sàmì sí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

"Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà níbí."

Àǹtí tún un tẹ̀. Nígbà tí mo ń lọ, ó ti gé páálí kan, ó kọ 0301 àti 0300 sí i pẹ̀lú máákà, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara mọ́nítọ̀, lábẹ́ èyí tó kọ NO CREDIT TODAY.

Bátìrì UPS ló kù. Mo ti sọ fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.